Kọ̀ǹpútà àti áàpù fún iṣẹ́ ìkànnì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Àbẹ̀kẹ́_Ìkànnì · Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ìkànnì ṣíṣe. HTML àti CSS ni mo fi bẹ̀rẹ̀, JavaScript náà sì ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà mẹ́ta ni mo ní lọ́wọ́ báyìí, méjì nínú wọn WordPress (ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì) ni wọ́n fẹ́.

Kọ̀ǹpútà ni wàhálà mi. RAM (àyè tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB ló wà nínú èyí tí mò ń lò, háàdì dísíìkì àtijọ́ tó ń yí gbirigbiri ló sì ní. Tí mo bá ṣí ojú-ewé mẹ́fà nínú Chrome, tí mo tún ṣí ibi tí mo ti ń kọ kóòdù, mo lè lọ wẹ̀ kí n sì padà wá bá a níbi tí mo fi í sí.

Mo ti tu owó díẹ̀ jọ. Ẹnì kan ní kí n má wulẹ̀ wo ibòmíràn, pé MacBook ni gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ yìí ń lò. Ẹlòmíràn ní i7 ni kí n ṣáà wá, ìyẹn irú ṣíìpù tó ń ronú fún kọ̀ǹpútà. Ẹnì kẹta ní tí mi ò bá tíì ní Photoshop (tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe) àti Dreamweaver (tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì), mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó ọwọ́ mi lè ra ọ̀kan nínú méjì: tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ní i5 àti RAM 8GB, tàbí àlòkù kan tó ki díẹ̀, i7, RAM 16GB, SSD (ibi ìpamọ́ tó yára, tí kì í yí) 512GB.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Áàpù wo ni mo sì nílò gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èdè onímọ̀ bò mí mọ́lẹ̀.

Fìlà_Dúdú · Ajé, 7:58 àárọ̀

16GB. Àlòkù yẹn ni kó o mú. Chrome nìkan lè jẹ 8GB tán kó tún máa wojú ẹ.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe · Ajé, 8:31 àárọ̀

Fìlà, fara balẹ̀ ná. "i7" lásán ò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ọdún 2008 ni i7 ti wà lórí àtẹ, ti ìgbà yẹn àti ti àìpẹ́ yìí, orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò. i7-7500U, 7 tó ṣáájú yẹn ló ń sọ pé ìran keje ni. i5-8250U, ìran kẹjọ. i5-1235U, ìran kejìlá.

Kí nìdí tí mo fi ń pariwo rẹ̀? i7-7500U yẹn, ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní core, méjì péré ló ní. i5-8250U tó jáde tẹ̀lé e ní mẹ́rin. Ẹ gbé méjèèjì síwájú mi, i5 ni màá gbé, mi ò sì ní bojú wẹ̀yìn.

Ó tún ku ẹyọ kan. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ò sì gba gbogbo ẹ̀rọ: ní ti Intel tó ń ṣe i5 àti i7, láti ìran kẹjọ lọ sókè ló sábà máa ń gbà, ó sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó wà nínú ẹ̀rọ. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí pé ohun tuntun tó bá jáde á máa dé ọ̀dọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, bi ẹni tó ń tà á pé nọ́ńbà wo ló tẹ̀lé i7 yẹn. Tó bá ní "i7 ṣáà ni", o ti gbọ́ ìdáhùn.

Àǹtí_Mac · Ajé, 9:15 àárọ̀

Èmi ò ní í bá yín jà lórí nọ́ńbà. MacBook Air M1 (ṣíìpù tí Apple fúnra wọn ṣe) tó jáde ní ìparí ọdún 2020 ni mo ń lò títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, 8GB ni, kò ní fáànù rárá, kò sì pariwo sí mi rí. Mo lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láì kì í bọ iná. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá rí M1 àlòkù tí owó rẹ̀ sún mọ́ ti méjì tó dárúkọ yẹn, kó gbà á. Ẹ sì rántí pé orí Mac nìkan ni wọ́n ti ń fi Sketch ṣe dìsáìn.

Ọmọ_Linux · Ajé, 9:22 àárọ̀

Sketch kẹ̀? Ta ló ṣì ń béèrè Sketch lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Èmi á tilẹ̀ béèrè pé ṣé dandan ni kó ra nǹkan. Yọ háàdì dísíìkì yẹn, fi SSD rọ́pò rẹ̀. Dísíìkì tó ń yí yẹn, tó bá sá gbogbo eré rẹ̀ tán, ó lé díẹ̀ ní 100MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD oní-SATA lásán ń ka bíi 500MB. Fi Linux sí i dípò Windows, irú bíi Mint tàbí Xubuntu. Wàá rò pé ẹlòmíràn ló ni ẹ̀rọ náà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe · Ajé, 9:40 àárọ̀

@Ọmọ_Linux, òótọ́ ni lórí SSD, mò ń fi lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ 4GB ṣì ni 4GB. Chrome ò mọ̀ bóyá Linux ló wà nísàlẹ̀ òun. Tí àyè RAM bá kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù sórí SSD, á sì tún máa falẹ̀. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ní ihò tí a lè ki RAM kún, ọ̀rọ̀ rẹ dúró. Tí wọ́n bá ti jó o mọ́ pátákó ńkọ́?

@Àǹtí_Mac, ẹ̀yin náà, ẹ sọ ìdajì ìyókù fún un: RAM M1 kò ṣeé fi kún láéláé. Ohun tẹ́ ẹ bá rà lẹ máa lò títí á fi kú. Ní 2024, Apple fúnra wọn sọ 16GB di ibi tí MacBook Air ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí_Mac · Ajé, 9:44 àárọ̀

Mo gbà. Tí mo bá tún fẹ́ rà lónìí, 16GB ni màá rà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_CSS · Ajé, 12:05 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ díẹ̀, torí ìbéèrè rẹ̀ kejì lẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Dreamweaver: ẹni tó sọ fún ẹ pé dandan ni, àná ló ń gbé. Ó láyé tiẹ̀ nígbà tí Macromedia ni ín, Adobe ra Macromedia ní 2005, a sì jẹun lórí ẹ̀. Lónìí VS Code ni ọ̀pọ̀ wa ń lò láti kọ kóòdù. Microsoft gbé e jáde ní 2015, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà fún Windows, Mac àti Linux. Má ki gbogbo ohun àfikún tó o bá rí bọ̀ ọ́. Mo ti rí ẹni tó fi ogójì sí i tó wá ń ké pé VS Code wúwo. Prettier tó ń to kóòdù, Live Server tó ń fi ìkànnì hàn bó o ṣe ń kọ ọ́, bóyá méjì míì, ó ti tó.

Má sì fi ọkàn sí áàpù kan ju bó ṣe yẹ lọ. Adobe ṣe Brackets, wọ́n pa á tì ní 2021. GitHub ṣe Atom, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ní oṣù kejìlá 2022. Flash tí àwa kan fi gba iṣẹ́ nígbà kan rí, ìparí 2020 ló kú. HTML tí mo kọ́ nígbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí.

Ohun tó o gbọ́dọ̀ kọ́ kó o tó kọ́ áàpù dìsáìn kankan ni Git, tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ kó o lè padà sí ti àtijọ́. Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ìkòkò yẹn: mo fi fọ́lídà tuntun lé ti àtijọ́ lórí lálẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Fọ́lídà náà ń jẹ́ "ìkẹyìn_gidi_2". Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Wàrà_Wàrà · Ajé, 12:30 ọ̀sán

Mo ń rẹ́rìn-ín o. Tèmi ń jẹ́ "ìkẹyìn_má_fọwọ́_kàn".

Ní ti dìsáìn, Adobe XD ni kó o lò. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti kọ́.

Ìyá_Dìsáìnà · Ajé, 1:10 ọ̀sán

Wàrà, ìmọ̀ràn yẹn ti pẹ́ jù. Ní 2022 Adobe kéde pé àwọn fẹ́ ra Figma, áàpù dìsáìn tó ń bá XD díje, ní ogún bílíọ̀nù dọ́là. Àwọn aláṣẹ ní Yúróòpù àti Gẹ̀ẹ́sì fapá jánú sí i, wọ́n sì tú àdéhùn náà ká ní oṣù kejìlá 2023. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti gbé XD sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: wọn ò fi nǹkan tuntun kún un mọ́, wọn ò sì tà á lọ́tọ̀ mọ́. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá lọ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló dé?

Figma ni kó o kọ́, Àbẹ̀kẹ́. Inú bùráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ẹ̀ tó ẹni tó ní oníbàárà mẹ́ta. O lè fi lìńkì ránṣẹ́ sí oníbàárà, kó sì kọ èrò tiẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Fáìlì tó bá tóbi, tó kún fún fọ́tò, máa ń jẹ RAM gan-an, nítorí náà pín in sí méjì mẹ́ta. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ bá ń já lemọ́lemọ́, ṣí fáìlì náà sílẹ̀ kó tó já, torí fáìlì tí o ò tíì ṣí ò ní ṣí.

Àwọn tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Penpot wà. Gbogbo èèyàn ló lè wo kóòdù ẹ̀, ẹ sì lè gbé e sórí ẹ̀rọ tiyín.

Wàyí o, ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ ti ń sọ RAM, RAM látàárọ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé irú ojú wo ni kọ̀ǹpútà méjèèjì ní. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, RAM ẹ̀ pọ̀, ojú ẹ̀ sì dà bí aṣọ tí wọ́n ti sá sóòrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́yìn àwọn káàdì ní ìkànnì oníbàárà kan. Lójú tèmi, funfun báláú ni, n kò tilẹ̀ rí i mọ́, mo bá ń mú un dúdú sí i, mo ń mú un dúdú sí i. Ọjọ́ tí oníbàárà ṣí i lórí ẹ̀rọ tiẹ̀, ó ní, "Mà, ṣé ẹ fẹ́ kí ìkànnì wa dà bí ọ̀run tó ṣú ni?"

Torí náà, wá ojú IPS (irú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́), 1920×1080 ó kéré tán. Tí wọ́n bá kọ "45% NTSC" sára ìwé rẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá. Èyí tó sún mọ́ 100% sRGB ni kó o máa wá (NTSC àti sRGB, òṣùwọ̀n iye àwọ̀ tí ojú lè gbé jáde ni wọ́n). Tí èyí tó o rà bá burú, o lè ra mọ́nítọ̀ kan lọ́tọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Fìlà_Dúdú · Ajé, 1:25 ọ̀sán

Mà, ẹ má bínú o, àmọ́ ojú burúkú náà ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń wo ìkànnì. Ẹni tó bá ń ṣe dìsáìn lórí ojú tó mọ́ roro nìkan á fi lẹ́tà eérú sórí funfun, á ní ó rẹwà. Ẹni tó mú fóònù pọ́ọ́kú sínú oòrùn ò ní rí nǹkan kan.

Ìyá_Dìsáìnà · Ajé, 1:33 ọ̀sán

Òótọ́ lo sọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbójú lé ojú mi nìkan. WCAG, ìlànà tó ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè lo ìkànnì, ní kí ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà kékeré àti ti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fi 4.5 sí 1 yàtọ̀, ó kéré tán. Chrome fúnra ẹ̀ máa bá ẹ wọ̀n ọ́n tó o bá ṣí ibi àyẹ̀wò rẹ̀, tó o tẹ àwọ̀ lẹ́tà náà. Síbẹ̀ mo ṣì fẹ́ ojú gidi. Fóònù pọ́ọ́kú yẹn ni mo wá ń fi dán an wò kí n tó fi iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkànnì · Ajé, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti béèrè o. i7-4600U ni.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe · Ajé, 6:52 ìrọ̀lẹ́

Sá.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe · Ajé, 7:03 ìrọ̀lẹ́

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí o má bàa rò pé mo kàn ń dẹ́rù bà ẹ́. Ìran kẹrin nìyẹn, ọdún 2013, core méjì. Kò sí lára àwọn tí Windows 11 fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá ki 32GB bọ̀ ọ́, ọpọlọ ọdún 2013 náà ni yóò máa fi ronú.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkànnì · Ajé, 7:20 ìrọ̀lẹ́

Háà! Orúkọ i7 yẹn ni mo sì ti ń sùn lé. Ṣé kí n kúkú mú tuntun 8GB yẹn?

Ìbéèrè míì: oníbàárà kan máa ń fi fáìlì PSD (ti Photoshop) ránṣẹ́. Ẹnì kan fẹ́ fún mi ní Photoshop tí wọ́n ti kíráàkì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_CSS · Ajé, 7:41 ìrọ̀lẹ́

Má gbà á. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan gba irú ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìkànnì oníbàárà rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn èèyàn lọ síbi tẹ́tẹ́. Ohun tó bá kíráàkì náà wọlé ló kó àwọn paswọ́ọ̀dù tó tọ́jú sínú bùráúsà lọ. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà tìẹ nìkan ló máa kó o sí wàhálà, ilé onílé ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ.

Photopea máa ṣí PSD fún ẹ nínú bùráúsà, ọ̀fẹ́ ni. GIMP náà ń ṣí i, àmọ́ kì í gbé gbogbo nǹkan inú ẹ̀ wọlé bó ṣe yẹ. Affinity náà ti di ọ̀fẹ́ láti 2025, lẹ́yìn tí Canva rà á. Fún àwòrán tó wúwo jù, gbé e sínú Squoosh, sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́. Photoshop dára, mi ò ní parọ́. Tí oníbàárà bá ń béèrè títún fọ́tò ṣe lójoojúmọ́, kó san owó oṣooṣù rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́.

Àǹtí_Mac · Ajé, 8:12 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un tí kò kan bóyá ẹ fẹ́ràn Mac. Ẹ máa ń dán ìkànnì wò nínú Chrome, ẹ ní ó ti parí. Chrome tó wà lórí iPhone kì í ṣe Chrome yín o. WebKit, ẹ́ńjìnnì tó ń gbé Safari, bùráúsà ti Apple, ṣiṣẹ́, ló wà nínú ikùn ẹ̀. Yàtọ̀ sí àyè tí òfin fipá ṣí ní àwọn ibì kan, bíi Yúróòpù ní 2024, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bùráúsà orí iPhone ṣe rí.

Mo fi bọ́tìnnì "Sanwó" sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé kan nígbà kan, mo kọ gíga ojú-ewé náà ní 100vh, ìyẹn gbogbo gíga ojú ẹ̀rọ. Ó gún régé lórí kọ̀ǹpútà. Lórí iPhone, pátákó àdírẹ́sì Safari bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, kò sẹ́ni tó lè sanwó láti orí iPhone! Ní báyìí 100dvh ni mo ń kọ, èyí tó máa ń yọ àyè pátákó àdírẹ́sì kúrò.

Ọmọ_Linux · Ajé, 8:20 alẹ́

Ẹ ò ní láti ra Mac torí ìyẹn. Playwright, ohun èlò tí wọ́n fi ń dán ìkànnì wò, lè gbé WebKit dìde lórí Windows àti Linux. Kì í ṣe Safari gan-an, àmọ́ ó máa mú ọ̀pọ̀ àṣìṣe.

Àǹtí_Mac · Ajé, 8:26 alẹ́

Kò ní mú ti pátákó àdírẹ́sì yẹn. Kẹ́ ẹ yá iPhone ẹnì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dáa jù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_CSS · Ajé, 8:45 alẹ́

Ẹ bá mi fi fọ́ńtì kún ohun tẹ́ ẹ máa dán wò, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìkànnì ní èdè wa. Lẹ́tà "ẹ" ní àyè tiẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní tiẹ̀: àmì ohùn ni a ń gbé lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ńtì tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì sí á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà tí afẹ́fẹ́ ṣí. Noto Sans kì í ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi "ọ̀rẹ́" àti "ẹ̀kọ́" dán fọ́ńtì wò kí oníbàárà tó rí i.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe · Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́, má sáré ra tuntun 8GB yẹn tó bá jẹ́ pé wọ́n ti jó RAM ẹ̀ mọ́ pátákó. Wá àlòkù tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń lò, i5 ìran kẹjọ sókè, tó ní ihò RAM. Àmọ́ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á:

Tan-án níṣojú ara rẹ, láti ibi tó ti kú pátápátá. Tó bá béèrè paswọ́ọ̀dù kí Windows tó wọlé, tàbí tó ń dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó ni ín, fi sílẹ̀. Ṣí Command Prompt, kọ `powercfg /batteryreport`, yóò kọ fáìlì kan fún ẹ. Wo DESIGN CAPACITY (agbára bátìrì nígbà tó jẹ́ tuntun), wo FULL CHARGE CAPACITY (agbára rẹ̀ báyìí). Bí èkejì ò bá tó ìdajì àkọ́kọ́, bátìrì tuntun ni wàá rà, yọ owó ẹ̀ kúrò. Tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣí àwòrán funfun kó bo ojú ẹ̀, wo àbàwọ́n. Ki nǹkan bọ gbogbo ihò USB. Ṣí i, pa á dé, gbọ́ bóyá eegun ìdè rẹ̀ ń ké.

Wàrà_Wàrà · Ìṣẹ́gun, 9:02 àárọ̀

Fún WordPress, kó o má máa ṣe é lórí ìkànnì oníbàárà tààrà. Gbé Local, áàpù tó ń jẹ́ kí WordPress ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tìẹ, sórí kọ̀ǹpútà rẹ. XAMPP náà ń ṣiṣẹ́ àmọ́ ọwọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. (Lórí èyí, ìmọ̀ràn mi ò tíì pẹ́ jù, @Ìyá_Dìsáìnà.)

Ìyá_Dìsáìnà · Ìṣẹ́gun, 9:10 àárọ̀

Mo gbà fún ẹ.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkànnì · Àbámẹ́ta, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rà á! i5-8350U, ìran kẹjọ, core mẹ́rin, ojú IPS 1920×1080. 8GB ló bá wá, ihò kan ṣófo, mo ra 8GB míì mo fi kún un, ó di 16. VS Code, Figma, Local àti Photopea ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń kọ́ Git, ó ń bú mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo ṣí Chrome ojú-ewé méjìlá pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, kò sáyè àtilọ wẹ̀ mọ́.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe · Àbámẹ́ta, 4:21 ìrọ̀lẹ́

Káre. Bátìrì ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Ìkànnì · Àbámẹ́ta, 4:30 ìrọ̀lẹ́

57 ló kọ sí àkọ́kọ́, 26 sí èkejì, kò tó ìdajì. Mo fi han ẹni tó ń tà á, ó ní òun ò rí irú ìwé yẹn rí. Ó yọ owó bátìrì kúrò.